Ta Lo Ń Bẹ̀ Ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Ìwòsàn?

Sí Òṣìṣẹ́ Òru, Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ dé ibi tí ìyàwó rẹ ti ń rọbí lọ́wọ́, tí ìwọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, tí o ń fi fóònù tẹ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ fún mi di ọ̀la" ránṣẹ́ sí ọ̀gá iléeṣẹ́ kan tí o kò mọ̀ rí. Ibẹ̀ ni mo ti gbé lẹ́tà náà kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Kí lo jẹ ẹ́? O fi òru kọ kóòdù tó ń ṣàyẹ̀wò nọ́ńbà fóònù, o fi owó dátà ara rẹ gbé e sórí GitHub, ìkànnì tí a ń kó kóòdù sí, iléeṣẹ́ rẹ̀ mú un lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń fi pawó. Ọjọ́ tí kóòdù kọsẹ̀, ọ̀gá náà kò béèrè àlàáfíà rẹ. Ìgbà tí yóò ṣe tán nìkan ló béèrè. Ìwé àṣẹ MIT tí o so mọ́ iṣẹ́ rẹ kò gùn ju ojú ewé kan lọ. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó ṣe rí la ṣe gbé e sílẹ̀, pé ẹni tó kọ ọ́ kò ṣe onídùúró fún ohunkóhun. Ẹni tí kò ráyè ka ìyẹn ló wá ráyè máa lé ọ kiri lóru!

Ohun tó wá bà mí lẹ́rù ni ìbéèrè tí o sáré kọ sí ìsàlẹ̀: ṣé kí o kúkú gbé kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ náà fún ẹni tó ń bá ọ tún kóòdù ṣe, tí o kò rí ojú rẹ̀ rí? Bó bá jẹ́ àárẹ̀ ló ń tì ọ́, má ṣe é.

Rántí Lasse Collin, ará Finland tó ń tọ́jú XZ Utils, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Linux. Ní 2022, àwọn kan ń kọ̀wé sí i pé ó ń falẹ̀ jù, kó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ó ṣàlàyé pé ọkàn òun ti rẹ̀ tipẹ́, pé iṣẹ́ ọ̀hún kò sì lówó nídìí. Wọn kò dẹwọ́. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti ń ràn án lọ́wọ́ jẹ́jẹ́ láti 2021, òun ló sì gba àṣẹ. Ní 2024, ó tọ́jú ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ló rí i pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ òun ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ó tọpasẹ̀ rẹ̀, ó sì ké gbàjarè ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló fura pé àwọn tó ń pariwo kíá-kíá yẹn wà nínú ète náà. Ariwo ni wọ́n fi gba kọ́kọ́rọ́. N kò dá Collin lẹ́bi rárá.

Nítorí náà, kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ iṣẹ́ rẹ pé ọjọ́ Sátidé lo máa ń dá èèyàn lóhùn. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ kíá, kó wá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, kó sanwó. Máa gba iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ rẹ, kà á láìfo ìlà kan, ṣùgbọ́n ìwọ ni kó máa gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Bó bá sú ọ pátápátá, GitHub fún ọ láyè láti ti iṣẹ́ náà pa: àwọn èèyàn yóò ṣì máa rí i kà, wọn yóò ṣì lè ṣe ẹ̀dà tiwọn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Mo yí lẹ́tà rẹ síwá sẹ́yìn. O kọ nọ́ńbà àléébù kóòdù náà sílẹ̀, 214, o kọ wákàtí tí ọ̀gá yẹn fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí o ti sọ bóyá akọ ni ọmọ náà tàbí abo. Ẹ kú ewu ọmọ o, àbúrò mi. Ṣé ìyá ìkókó ń rí oorun sùn? Bá mi kí i dáadáa, kí o sì kọ orúkọ tí ẹ sọ ọmọ ránṣẹ́ sí mi.