Gìrì Mú Ọmọ, Kò Ní Wárápá

Àwọn olùkéde rédíò, akọ̀ròyìn àti àwọn tó ń túmọ̀ ìwé ìlera sí Yorùbá ti ń fi ọ̀rọ̀ méjì dípò ara wọn: gìrì àti wárápá. Dókítà á sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ọdún 2 tí ara rẹ̀ gbóná, tí ojú rẹ̀ yí sókè, tó di eyín, tí tọwọ́tẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbọ̀n fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ògbufọ̀ á ní ọmọ náà ní wárápá. Lọ́jọ́ mìíràn, ọmọ ọdún 12 tó ti ń ṣubú léraléra láìsí ibà kankan lára rẹ̀ ni wọ́n á ní gìrì ń dà láàmú. Èdè wa fúnra rẹ̀ kò da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ìyàtọ̀ tó fi sáàárín wọn bá ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé ń sọ mu, ẹni tó bá sì pa ìyàtọ̀ náà rẹ́ ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ibà Lassa ti ń mú ọmọdé àti àgbà, ń ṣe ohun tó burú ju àṣìṣe gírámà lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bá rìn. Gìrì a máa mú ọmọ: "gìrì mú un lóru àná." Bẹ́ẹ̀ náà ni ibà ń mú ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni òtútù ń mú un. Ohun tó mú ni lè fi ni sílẹ̀ kó sì bá tirẹ̀ lọ. Wárápá ní tirẹ̀, ènìyàn a máa ní in: "ó ní wárápá," bí a ti ń sọ pé ó ní àtọ̀gbẹ. A tiẹ̀ lè fi wárápá sọ ènìyàn lórúkọ, ká pè é ní oníwárápá, ṣùgbọ́n a kì í pe ọmọ ní onígìrì. Ẹnìkan lè sọ pé a kúkú ń gbọ́ "wárápá gbé e." Òótọ́ ni. Wárápá gba irú gbólóhùn méjèèjì, torí àìsàn náà ń bá ènìyàn gbé, ó sì ní ọjọ́ tó ń dìde sí i. Gìrì ni kò bá "ní" rìn dáadáa. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ pé "ọmọ mi ní gìrì". Létí ẹni tó gbọ́ èdè, ó dà bí ẹni tó sọ pé òun ní òtútù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ni gìrì, ohun tó ń bá ènìyàn gbé ni wárápá. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ìyàtọ̀ yìí, ògbufọ̀ tó bá sì fi "ní" sí ibi tí "mú" yẹ kó wà ti dájọ́ fún ọmọ tí dókítà kò tíì dá lẹ́jọ́.

Gìrì ní mọ̀lẹ́bí nínú èdè. Ẹni tí ìró ìbọn bá lójijì a ta gìrì. Ẹni tí wọ́n pè lójú oorun a jí gìrì. Ohun tó dé láìròtẹ́lẹ̀ ló wà nínú ìró ọ̀rọ̀ náà, n kò sì rò pé ibòmíràn ni orúkọ àìsàn yìí ti wá. Ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí kì í ṣe ènìyàn kan náà. Ọmọ ìkókó tí ilẹ̀kùn gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó na apá méjèèjì tó sì kó wọn padà sáyà, ó ta gìrì ni. Ara tó yá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, dókítà tilẹ̀ máa ń dán an wò láti mọ̀ pé ọpọlọ ọmọ tuntun ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tí òtútù ibà ń gbọ̀n rìrì, tó sì ń wo ojú ìyá rẹ̀, tó ń dáhùn, gìrì kọ́ ló mú un. Ọmọ tó sunkún títí tí èémí rẹ̀ fi há, tí ètè rẹ̀ dúdú, tó sì rọ, ó dákú ni. Bí ìyá bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gìrì, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni nọ́ọ̀sì yóò kọ sínú káàdì, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni wọn yóò sì máa wá oògùn fún. Àmì ohùn náà ṣe pàtàkì níhìn-ín. Gírígírí, tí a fi ń sọ pé a di nǹkan mú ṣinṣin, kò bá gìrì tan rárá, ohun tó sì ń tọ́ka sí gan-an ni a kò gbọdọ̀ ṣe sí ọmọ tí gìrì mú. Ẹ má dì í mú gírígírí, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ fi í dùbúlẹ̀ lé, kí itọ́ lè ráyè jáde.

Ní ti ìṣègùn, gìrì tí ooru ara ń fà a máa mú ọmọ láti oṣù 6 sí ọdún 5, nígbà tí ọpọlọ kò tíì gbó. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí àwọn oníwádìí nílẹ̀ wa: J. B. Familusi àti C. H. Sinnette ti gbé ìwádìí jáde lórí rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Ìbàdàn ní 1971. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú 15, kì í mú ọmọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24, ó sì ń kásẹ̀ nílẹ̀ bí ọmọ ti ń dàgbà. Nínú ọgọ́rùn-ún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan tàbí méjì ló ń padà ní wárápá. Wárápá kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, dókítà kò ní pe orúkọ rẹ̀ àfi tó bá dìde lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, tí èkíní jìnnà sí èkejì ju wákàtí 24 lọ, láìsí ibà tàbí ohun mìíràn tó ta á jí. Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwọn tó ní wárápá ní ìlú méjì ní Ìbàràpá: wọ́n rí 37 nínú 1,000 ènìyàn ní Ayétẹ̀, wọ́n rí 5.3 péré ní Igbó-Ọrà. Ìtọ́jú ìlera tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ pẹ́ ní Igbó-Ọrà ni wọ́n tọ́ka sí pé ó lè fa ìyàtọ̀ náà. Ẹnu ọ̀nà ilé ni irú ìkànìyàn bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè tí ará ìlú gbọ́dọ̀ gbọ́ yé. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá dúró fún gìrì àti wárápá nínú ìbéèrè náà, iye tó máa jáde kò ní jẹ́ iye oníwárápá mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná jù ni Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́. Láti oṣù kẹrin 2018 sí oṣù kẹta 2020, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀, pẹ̀lú àjọ oníṣègùn ALIMA àti àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Faransé, tọ́pa aláìsàn 510 tí ibà Lassa mú. Àbájáde rẹ̀ wà nínú Lancet Global Health ti 2021. Ọmọdé jẹ́ 84 nínú wọn, 5 nínú àwọn ọmọ náà sì kú. Àgbà 57 ló kú nínú 426. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni pé, nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn náà, ó kéré tán ìdajì àwọn aláìsàn náà ti lo ọjọ́ 8 pẹ̀lú àìsàn lára. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté ló ń kó ibà yìí sínú oúnjẹ, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà ẹ̀fọn. Bó bá wọra tán, ó lè mú gìrì wá. Nítorí náà, bí gìrì bá mú ọmọ nínú ooru ara ní Ìfọ́n tàbí ní Òkèlùsé ní agbègbè Ọ̀sẹ́, ibà ẹ̀fọn lè wà nídìí rẹ̀, yírùnyírùn lè wà nídìí rẹ̀, Lassa náà lè wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé "gìrì ni, mo mọ àgbo rẹ̀" ti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí di ìdí àìsàn, ọjọ́ sì ń lọ. Àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà tí wọ́n ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tún ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ìyẹn nìkan sì tó láti mú gìrì mìíràn wá.

Àwọn kan á ní ká kúkú pa ọ̀rọ̀ náà tì, torí ẹ̀mí àìrí ni gìrì ń tọ́ka sí, ká máa lo ti Gẹ̀ẹ́sì. N kò fara mọ́ ọn. Kò sí ẹ̀mí kankan nínú gìrì ju èyí tó wà nínú òtútù lọ. Àwọn méjèèjì ń mú ni, kò sì sẹ́ni tó ń ṣètùtù fún òtútù nítorí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá kò gbọ́ yé kò ní mú un yára dé ilé ìwòsàn. Àtakò tó wúwo jù ni pé èdè kò dọ́gba ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́: ulé ni ará Ọ̀wọ̀ ń pe ilé, ní Ìdoàní àdúgbò kan wà tó ń sọ Ìyàyú, tí kì í ṣe Yorùbá rárá. Mo gbà. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí ìyá rí kó tó béèrè orúkọ tó pè é. Bákan náà, kí àwọn ògbufọ̀ ṣọ́ra fún "àrùn ọpọlọ" tí wọ́n fi ń túmọ̀ wárápá. Wèrè ni ará ọjà ń gbọ́ níbẹ̀. "Àìsàn tó ń ti inú ọpọlọ wá" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọmọ di ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún níléèwé.

Àbá mi ni pé ká máa so gìrì mọ́ ohun tó fà á: gìrì ibà, gìrì yírùnyírùn, gìrì Lassa, bí a kò bá sì tíì mọ̀ ọ́n, ká sọ pé gìrì tí a kò tíì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, bí ẹ bá gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, ẹ má fi mọ sí "gìrì mú un." Ẹ sọ ọjọ́ tí ara rẹ̀ ti ń gbóná, iye ìṣẹ́jú tó lò, bóyá apá kan ara ló gbọ̀n tàbí gbogbo rẹ̀, àti ohun tí ẹ ti fún un mu. Bí gìrì náà bá ti ń lọ sí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má dúró ka iye mọ́, ẹ gbé e lọ.