Kí O Tó Gun Àpáta, Wo Ẹsẹ̀ Rẹ

Ìwọ ọ̀dọ́ Pápá Àjàó tí o fẹ́ bá àwọn ọdẹ ilé baba rẹ gòkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó máa rìn lórí àpáta gbọ́dọ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìbọn àti tọ́ọ̀ṣì lẹ̀yin ọ̀dọ́ ń náwó lé lórí. Bàtà ló máa ń gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí bàtà rẹ̀ bá já lórí òkè, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò pa ọdẹ tì, tí wọn yóò máa wá bí wọn yóò ṣe gbé e sọ̀kalẹ̀.

Àpáta gidi ló wà ní Ìdànrè àti Ìkẹ́rẹ́. Bí ìrì bá sẹ̀ sórí rẹ̀ láàárọ̀, á máa yọ̀ bí ilá. Inú koríko ìdí rẹ̀ ni paramọ́lẹ̀ ń ká jọ sí, ẹsẹ̀ àti ojúgun ló sì sábà máa ń bu ènìyàn jẹ. Rénbúùtù dára nínú ẹrẹ̀ àti nínú oko kòkó, ṣùgbọ́n ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ nínú rẹ̀, òógùn á sì rin ín gbingbin. Búùtù aláwọ tó ga kọjá kókósẹ̀ ni kí o wá.

A kò jìnnà sí iṣẹ́ awọ. Ojúwòye ní Múṣin làwọn aránbàtà ti ń ra awọ, àtẹ̀lẹ̀, òwú àti gọ́ọ̀mù. O lè ní kí wọ́n rán tìrẹ, o sì lè ra tòkunbọ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, ọwọ́ ni kí o fi rà á, má fi ojú nìkan rà á. Wo etí awọ níbi tí wọ́n gé e: ojúlówó á fi fọ́nrán hàn, ayédèrú á fi aṣọ hàn lábẹ́ ọ̀dà. Wò ó bóyá wọ́n rán ahọ́n bàtà náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí omi àti ìjàlọ má baà rí ọ̀nà wọlé.

Tòkunbọ̀ ní ewu tirẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ fóòmù tó wà láàárín awọ àti rọ́bà ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá wọ bàtà náà. Búùtù lè máa dán gbinrin lọ́jà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ gbé e gòkè. Fi èékánná àtàǹpàkò tẹ fóòmù náà dáadáa. Bó bá rún tàbí tó ya, gbé e sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Lẹ́yìn náà, yí i padà kí o wo rọ́bà ìsàlẹ̀. Lọ́dún 1935, agunkè mẹ́fà kú lórí òkè Alps. Ọ̀rẹ́ wọn ni Vitale Bramani, ará Ítálì, ó sì gbà pé bàtà wọn wà lára ohun tó pa wọ́n. Lọ́dún 1937, ó gbé àtẹ̀lẹ̀ rọ́bà eléyín jáde, òun ni wọ́n ń pè ní Vibram títí dòní. Bí eyín náà bá ti jẹ tán, bàtà ìgboro ni, kì í ṣe ti àpáta.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí o lọ wọ̀ ọ́ wò, nítorí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nígbà náà. Mú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn dání. Kí o tó so okùn, ti ẹsẹ̀ síwájú. Ìka ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. So ó, kí o sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ń kan iwájú, kò gbà ọ́. Bó bá gbà ọ́, máa wọ̀ ọ́ káàkiri àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Awọ tuntun tí o bá gbé gòkè tààrà, ẹsẹ̀ rẹ á lé ròrò.

Ìtọ́jú ló kù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí búùtù bá tutù, má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, má sá a sóòrùn gangan, nítorí awọ á gan, á sì sán. Gbọn ẹrẹ̀ rẹ̀, tú okùn, yọ ìtẹ́ inú rẹ̀, ki ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́, kí o gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Bó bá gbẹ, fi òrí tàbí ìda oyin díẹ̀ pa á. Bó bá pọ̀ jù, awọ á rọ̀, kò ní lè gbá kókósẹ̀ mú mọ́. Mo mọ̀ pé ọjà Ládípọ̀ wà nítòsí, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì kò sì wọ́n wa. Má fi kàn án: á mú kí rọ́bà wú, á sì tú gọ́ọ̀mù. Lásìkò òjò, má dì í sínú ọ̀rá, kí ó má baà bu.

Bí òwú kan bá ṣí, gbé e lọ fún aránbàtà lọ́sẹ̀ náà gan-an. Má dúró de ọjọ́ ìrìn-àjò, torí ìgbà yẹn, ẹ̀mí ìwọ àti ti àwọn tó gbà ọ́ mọ́ra ló máa wà lórí òwú náà. Àlọ re, àbọ̀ re o, ọmọ mi.