Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Wíìlì Kọ́fà Tó Ń Yí Lórí Rímù

Iṣẹ́: Mẹkáníìkì ọkọ̀
Kíláàsì: SS 2
Àkókò: Ìṣẹ́jú 40
Ibi ìwòye: Ọjà Owódé Onírin, ọ̀nà Ìkòròdú

Èròǹgbà
Akẹ́kọ̀ọ́ á lè sọ ohun tó ń mú kí kọ́fà dẹ̀, á sì lè dè é padà láìpa fáàfù táyà lára.

Ohun èlò
Kọ́fà onírin kan, oníke kan, puláyà, búrọ́ọ̀ṣì onírin, ṣọ́ọ̀kì.

Ìfáàrà
Kí olùkọ́ béèrè pé: èyí tó já bọ́ àti èyí tó ń yí lórí rímù, èwo ló ń ba táyà jẹ́? Ọ̀pọ̀ á mú èyí tó já. Wọn ò gbà á. Èyí tó ń yí ni, torí etí rẹ̀ á máa rẹ́ fáàfù lọ́rùn díẹ̀díẹ̀ títí afẹ́fẹ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò, táyà á sì rọ̀ lórí eré.

Ohun tó ń fà á
Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó, àwọn kan nínú ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyẹn ṣì ń rìn. Ní ti Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle tó ń lo kọ́fà onírin, ara rímù ni kílíìpù tó di kọ́fà mú wà. Ìpẹtà àti kòtò ló ń bá a jà. Ní ti oníke, òrùka wáyà ló ń ti ẹsẹ̀ kọ́fà mọ́ ètè rímù. Oòrùn àti ooru bíréèkì á gbẹ ike náà, ẹsẹ̀ á sì kán.

Nígbà mìíràn, ìwọ̀n ni kò bára mu. Tí wọ́n bá kọ 185/65 R15 sára táyà, kọ́fà 15 ni kí ẹ rà. Ẹni tó bá tà 14 fún yín pé “á gbà á” fẹ́ gbowó ni.

Àtúnṣe
Ẹ ha ìpẹtà kúrò. Tí ètè rímù bá ti wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ ná. Ẹ fi puláyà fa kílíìpù kọ̀ọ̀kan síta díẹ̀, kó dọ́gba yíká. Àfàjù á kán an. Tí òrùka oníke bá ti rọ̀, ẹ wá òmíràn tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu. Ọ̀dọ̀ fáàfù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ihò kọ́fà ṣe wẹ́kú pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ tó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìyókù. Ẹ má fi ẹsẹ̀ gbá a.

Àkíyèsí
Èmi ò fara mọ́ fífi wáyà dè é: ó ń dẹ̀, ó sì ń ha rímù. Okùn ike tí àwọn oníná fi ń so wáyà pọ̀ sàn jù. Ẹ dè é ní ibi méjì tó jìnnà sí fáàfù, kí ẹ gé ìrù rẹ̀. Gúlù ńkọ́? Rárá o. Ẹ̀yìn kọ́fà ni nọ́ọ̀tì wíìlì wà, ẹ ó sì ní láti yọ kọ́fà kí ọwọ́ yín tó lè tó o.

Ìgbéléwọ̀n
Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti orí kọ́fà dé ara táyà, kí a wa ọkọ̀ dé Mile 12 ká sì padà. Tí ìlà náà bá ti yẹ̀, kọ́fà ṣì ń yí. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Iṣẹ́ àṣetiléwá
Kọ nọ́ḿbà ara táyà ọkọ̀ kan ládùúgbò rẹ, kí o sì sọ ìwọ̀n kọ́fà rẹ̀. Gbàyè lọ́wọ́ olówó ọkọ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí rẹ̀ o.