Ìdánwò Àwọn Nọ́ọ̀sì àti Ọgbà tí Ó Ya

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò tí a ń pè ní NCLEX, nítorí ẹ̀mí aláìsàn kì í ṣe ohun ìdánrawò. Láti ọdún 1994 ni a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìbéèrè kan, èyí tí ó tẹ̀lé e a sábà máa le jù ú lọ. Nítorí náà, kí líle rẹ̀ má ṣe dẹ́rù bà á.

Ẹni tí ó bá kùnà a máa gba ìwé tí ń fi ibi tí ó kù sí hàn án. Kò sì gbọdọ̀ tún un ṣe kí ọjọ́ 45 tó pé. Ibẹ̀ gan-an ni kí ó tún kọ́. Bí ewúrẹ́ bá já ọgbà wọlé, àgbẹ̀ ọlọ́gbọ́n kì í kọ oko sílẹ̀. Ojú ibi tí ó ya ni í dí.