Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ta ni yóò dá ẹjọ́ tí gbogbo ìlú ti dá tán?

Ìbéèrè: Abobo ni mo ti ń tajà. Nígbà tí ará ìlú ṣì ń bá adájọ́ jókòó ní ilé ẹjọ́, bí gbogbo Abidjan bá ti fẹnu dá ẹjọ́ ìpànìyàn, níbo ni wọ́n ti ń rí ẹni tí kò ní ṣègbè?

Ìdáhùn: A kì í wá ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó lè gbé àgbọ́sọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó fetí sí ẹ̀rí là ń wá. Ní Amẹ́ríkà, agbẹjọ́rò á bi àwọn ará ìlú náà léèrè kí wọ́n tó yàn wọ́n. Adájọ́ sì lè gbé ẹjọ́ lọ sí ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n ìlú wo ni wọn ì bá gbé ẹjọ́ Simone Gbagbo, ìyàwó ààrẹ ìgbà náà, lọ? Rògbòdìyàn ìbò 2010 láàárín ọkọ rẹ̀ àti Ouattara pa nǹkan bí 3,000 ènìyàn. Abobo tiyín ńkọ́, tí àdó olóró bọ́ sọ́jà ní oṣù Kẹta 2011? Nígbà náà, láràárọ̀ ni èrò ń pé jọ níwájú ìsọ̀ ìwé ìròyìn láti ka àkọlé: Notre Voie gbè sẹ́yìn Gbagbo, Le Patriote gbè sẹ́yìn Ouattara.

Síbẹ̀, ní 28 oṣù Kẹta 2017, cour d'assises, ilé ẹjọ́ ọ̀ràn ńlá, ní Abidjan sọ pé Simone kò jẹ̀bi ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fún un ní ẹ̀wọ̀n 20 ọdún ní 2015 lórí ẹ̀sùn mìíràn. Ariwo ọjà kò de ilé ẹjọ́ náà lọ́wọ́. Ohun tó dùn mí ni pé ilé ẹjọ́ kọ̀ láti pe àwọn ẹlẹ́rìí ńláńlá tí àwọn agbẹjọ́rò Simone ní kó pè, ni àwọn agbẹjọ́rò náà bá bínú kúrò níbẹ̀. Wọ́n fagi lé ìdájọ́ 2017 náà ní oṣù Keje 2018. Ní oṣù Kẹjọ, ìjọba dárí jì í. Àwọn tó sin òkú ní Abobo ṣì ń dúró de ìdájọ́.