Ẹ Gbé Àwòrán Sọ̀kalẹ̀ Síbi Tí Ojú Wà

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Abẹ́òkúta ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá, àwọn ọmọ wa fowó ránṣẹ́ pé ká tún pálọ̀ kùn. A ha ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí a ti kọ́lé kúrò, a wá fi ọ̀dà aláwọ̀ mílíìkì kùn ún. Ilé mọ́lẹ̀ kedere. Ohun tí yóò padà sára ògiri ló wá di ọ̀rọ̀ báyìí.

Tẹ́lẹ̀, ògiri wa kún fọ́fọ́. Fọ́tò àwọn òbí wa, fọ́tò ìgbéyàwó wa, fọ́tò àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ tí wọ́n gboyè jáde, aago ńlá kan, kàlẹ́ńdà ìjọ àti kàlẹ́ńdà òkú oríṣiríṣi. Gbogbo rẹ̀ tò sókè lábẹ́ àjà. Bàbá ní kí gbogbo rẹ̀ padà síbi tó wà. Ọmọ wa obìnrin tó wà l'Ékòó ní ká má gbé ìkankan padà mọ́. Ó fi àwòrán òdòdó kan hàn mí lórí fóònù, mẹ́ta ni, wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn lókè àga.

Èmi ní tèmi ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, Ìbàdàndún ni, ó ti pẹ́ nínú àpótí. Mo tún ní igbá fínfín kan tí mo rà nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́. Ó wù mí kí n ra ère igi kékeré kan kún un, ṣùgbọ́n arábìnrin kan ní ìjọ wa sọ pé òrìṣà ni mo fẹ́ gbé wọlé. Owó tó kù lọ́wọ́ mi kò pọ̀. Kí ni kí n gbé kọ́, báwo ni kí n sì ṣe tò ó?

Ìyá olùkọ́, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ìyá mi, ẹ kú àtúnṣe ilé o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ gbé e pẹ́. Àwọn ọmọ yín náà ṣeun, wọ́n kú ìtọ́jú.

Kí n tó dé orí ohun tí ẹ ó gbé kọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ibi tí ẹ ó gbé e kọ́ sí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni pálọ̀ wa ti ń bà jẹ́. Ìdí tí àwọn bàbá wa fi ń gbé fọ́tò sókè lábẹ́ àjà yé mi. Ọlá ni wọ́n fi ń bu fún ẹni tó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ọmọdé kò sì ní tó o. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó sórí àga yín, ògiri òfìfo ló kọjú sí, àwọn òbí yín sì wà lókè réré níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí ojú wọn àfi tó bá na ọrùn. Ọlá wo ló tún kù nínú fọ́tò tí a kì í wò?

Àwọn tó ń to iṣẹ́ ọnà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń lò. Àárín àwòrán ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kì í wọn orí rẹ̀, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí àárín náà wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 145 sí 150 láti ilẹ̀. Ojú ẹni tó dúró ni wọ́n fi díwọ̀n. Ìjókòó là ń jókòó ní pálọ̀ ní tiwa, nítorí náà ẹ lè gbé tiyín wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Tó bá jẹ́ òkè àga gígùn ni, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ga ju ẹ̀yìn àga lọ, kó má baà máa kan ẹni tó bá fẹ̀yìn tì lórí. Kó sì fẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta àga náà, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ì báà jẹ́ mélòó kan tí a tò pọ̀. Àwòrán kékeré kan ṣoṣo lókè àga ńlá á dà bí òǹtẹ̀ tí a lẹ̀ mọ́ àpò ìwé gbàǹgbà.

Ẹ ti ní ohun tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìyá mi. Inú àpótí yín ló wà.

Ìbàdàndún kì í ṣe ohun tó yẹ kó máa gbé inú òkùnkùn. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ yín kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì bèèrè bí wọ́n bá ń rí i lójoojúmọ́. Lára aṣọ náà, ẹ ó fi ọwọ́ tọ́ka sí òpó gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí n'Íbàdàn ní 1929, ẹ ó fi ṣíbí tó wà láàárín àwọn òpó náà hàn wọ́n. Ẹ ó sọ fún wọn pé obìnrin kan ló jókòó ti aṣọ funfun, tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ bu ẹ̀kọ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tó ń fà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan kó tó di pé aṣọ náà wọ inú aró. Kí wọ́n sún mọ́ ọn, kí wọ́n wo etí àwọn ìlà wọ̀nyẹn. Ibi tí ẹ̀kọ bá ti sán lára aṣọ, aró á ti gba ibẹ̀ wọlé ní ìlà tín-ín-rín, kò sì sí ìró méjì tí tiwọn rí bákan náà.

Bí ẹ ó ṣe gbé e kọ́ nìyí. Ẹ má gé e, ẹ má sì jẹ́ kí oníférémù kankan fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Ìró ẹlẹ́kọ àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ abala aṣọ méjì tí wọ́n rán pọ̀, ẹ ó rí ojú rírán náà láàárín. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ara ìtàn rẹ̀ ni. Ẹ pe télọ̀ kó rán aṣọ funfun sí ẹ̀yìn rẹ̀. Aṣọ funfun yìí á gbé e ró, á sì gba ọ̀dà tuntun yín là, nítorí aró ẹ̀lú máa ń ṣí, ara ògiri aláwọ̀ mílíìkì yẹn ni ìbá lọ. Kí télọ̀ tún rán ojú tóóró kan sí òkè lẹ́yìn, láti etí dé etí, tí ẹ ó lè ki ọ̀pá kọ́tìnì bọ̀, kí ìwúwo aṣọ lè pín dọ́gba lórí ìṣó méjì. Bó bá fẹ̀ ju àyè lọ, ẹ ká èyí tó ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Kí ẹ tó kàn án, ẹ ṣọ́ ògiri náà fún odindi ọjọ́ kan. Bí oòrùn bá ń ti ojú fèrèsé kàn án tààrà láàárọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́, ẹ wá ògiri mìíràn fún un, nítorí oòrùn ń pa aró. Bí eruku ọyẹ́ bá bò ó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n níta, ó parí.

Nípa òdòdó mẹ́ta orí fóònù, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín, ṣùgbọ́n ẹ má rà á. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, irú rẹ̀ ló wà ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ní ọ́fíìsì gbogbo, kò bá ẹnikẹ́ni tan nínú ilé yín. Mi ò sọ pé àwòrán tí wọ́n tẹ̀ kò dára. Àwòrán Tutu tí Ben Enwonwu yà ní 1973, ti Adétutù Adémilúyì ọmọba Ifẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, ibẹ̀ sì yẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń wo ojú obìnrin yẹn láràárọ̀ ń wo nǹkan.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ Tutu, ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un. Ojúlówó kan nínú mẹ́ta tí Enwonwu yà wà nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ni ín kò mọ iye tó tó. Ìgbà tí wọ́n tà á ní gbàǹjo ní 2018, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan pọ́ùn. Torí náà, kí ẹ tó kó ohunkóhun dànù, ẹ wo igun rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan fọwọ́ sí i. Ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ bíi tiyín ti ra iṣẹ́ kan nígbà kan lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ Òṣogbo tó dìde láti ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo, tí Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá sílẹ̀ ní 1962. Twins Seven Seven, Jimoh Buraimoh, Muraina Oyelami àti Rufus Ogundele wà lára wọn.

Ó wá ku ti Bàbá. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé yín jẹ́ ilé tó rán ọmọ mẹ́rin ní ilé ìwé tí gbogbo wọn sì gboyè. Fọ́tò wọn gbọ́dọ̀ padà sára ògiri, Bàbá kò jẹ̀bi rárá. Àmọ́ kì í ṣe pálọ̀ nìkan ló ní ògiri. Ẹ kó ti àwọn ọmọ sí kọ́rídọ̀ tó lọ sí yàrá, níbi tí ẹ ó máa kọjá lọ́dọ̀ wọn láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Ní pálọ̀, ẹ fi ti àwọn òbí yín àti àwọn òbí Bàbá sílẹ̀, pẹ̀lú ti ìgbéyàwó yín, kó dojú kọ àga tí Bàbá máa ń jókòó sí. Aago lè wà lókè ilẹ̀kùn. Kàlẹ́ńdà, ó di ilé ìdáná.

Ẹ má gbé fọ́tò àwọn òbí yín gangan kọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ gbé ẹ̀dà náà kọ́, kí ẹ sì tọ́jú ojúlówó síbi gbígbẹ. Ìmọ́lẹ̀ ń jẹ fọ́tò, ọ̀rinrin ìgbà òjò sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì títí yóò fi ya bí a bá fẹ́ yọ ọ́. Ẹ sọ fún oníférémù kó fi páálí funfun yí fọ́tò náà ká nínú férémù. Páálí yìí ni kì í jẹ́ kí fọ́tò àti gíláàsì kan ara wọn, òun náà ló sì ń fún ojú láyè láti sinmi lórí ẹni tó wà nínú fọ́tò. Kí gbogbo férémù jẹ́ àwọ̀ kan náà, dúdú tàbí àwọ̀ igi. Èyí nìkan ti tó láti sọ fọ́tò tí kò dọ́gba di ẹbí kan.

Ẹ tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀ ní pálọ̀ kí ẹ tó lu ìṣó kankan. Ẹ máa pààrọ̀ wọn títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn, kí àyè àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ìwé ìròyìn ní ìwọ̀n férémù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ lọ jókòó, kí Bàbá náà jókòó, kí ẹ jọ wò ó. Ìwé ìròyìn ṣeé sún, ihò ìṣó kò ṣeé sún. Ògiri búlọ́ọ̀kù ni ti ọ̀pọ̀ wa, ìṣó lásán á tẹ̀, á sì ha ọ̀dà yín. Ẹ pe ẹni tó ní dríìlì.

Igbá fínfín kò nílò ògiri. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi fín in, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì ti ẹ̀gbẹ́ wá ló ń jẹ́ kí ojú ọ̀bẹ yọ. Ẹ gbé e sórí tábìlì kan nítòsí fèrèsé, kí oòrùn má sì bà á, kó má baà sán.

Ọ̀rọ̀ ère kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí ìgbàgbọ́ yín wà nínú rẹ̀. Ní 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì, Kevin Carroll wà lára wọn, dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àwọn agbẹ́gilére wa ti gbẹ́ ilẹ̀kùn ìjọ àti ère ìtàn Bíbélì. Ibẹ̀ ni agbẹ́gilére Bándélé ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àṣírù Ọlátúndé l'Óṣogbo lu ìtàn Ádámù àti Éfà àti ti Nóà sára páànù. Ọwọ́ tó ń gbẹ́ ère kò di ọwọ́ ìbọ̀rìṣà nítorí pé ó di ọ̀bẹ mú. Ère onílù tàbí ti ìyá tó pọn ọmọ tí wọ́n gbẹ́ fún títà kò ní ìbọ kankan nínú.

Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má rà ni ère àtijọ́ tí wọ́n gbé wá láti ojúbọ tàbí ilé ẹlòmíràn. Àwọn kan ṣì ni ín, ó sì níyì lójú wọn. Òfin Nàìjíríà pàápàá kò gbà kí a máa tà á tàbí kí a máa rà á bó ṣe wù wá. Bí ọkàn yín kò bá sì balẹ̀ sí ère rárá, ẹ fi í sílẹ̀. Ilé ẹni kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí a ti máa bẹ̀rù ohun tí a fowó ara wa rà. Bí ẹ bá rà á, ẹ máa wo ìdí rẹ̀. Ìyẹ̀fun tó bá ń dà sílẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ kòkòrò ni.

Owó tó ṣẹ́kù yẹn, ẹ má ná an tán sórí férémù. Ẹ fi ra ohun kékeré kan tí ọwọ́ èèyàn ṣe. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó wà l'Óṣíẹ̀lẹ̀ nítòsí yín ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà. Ẹ lọ wo ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yà, ẹ bá ọ̀kan sọ̀rọ̀, ẹ ra èyí tí ẹ kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ìyànjú kan láti ẹnu olùkọ́ ń ṣe lára ọmọ, ẹ wá rò ó bó bá ń san owó lé e.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó pe télọ̀ tàbí onídríìlì, ẹ bi Bàbá léèrè fọ́tò kan ṣoṣo tó fẹ́ kí ojú òun máa kọ́kọ́ bà bí òun bá jókòó. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kọ́.