Ìyàtọ̀ láàárín 'Kùnà' àti 'Afòdá': Ìdánwò Ètò-Ìpamọ́ Fáìlì lórí Irinṣẹ́ Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ kan tí a túmọ̀ láìfarabalẹ̀ ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Mo gba ohùn àwọn àgbà kan sílẹ̀ ní Ògbàgì-Àkókó fún ìwádìí nípa ẹ̀ka-èdè ìlú náà, a sì fẹ́ kó wọn pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan tí ń lo Linux. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bá wa tọ́jú ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ dán ètò-ìpamọ́ fáìlì rẹ̀ wò, ó sì kọ àbọ̀ fún àwọn olùkọ́ tí ó ni í pé: 'Púpọ̀ nínú àwọn ìdánwò náà ni kò yege.' Kíá ni wọ́n ti fẹ́ tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Nígbà tí mo ka èsì tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde, mo rí i pé àwọn tí ó kùnà kò tó nǹkan. Ìyókù ni a kò dán wò rárá, nítorí pé irinṣẹ́ tí ìdánwò náà nílò ti pẹ́ jù. 'Kò yege' ni akọ̀wé wa fi túmọ̀ méjèèjì.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò. Ètò-ìpamọ́ fáìlì ni ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà fi ń pín ojú díìsìkì, tí ó fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà àti bí ó ti tóbi tó. Ọ̀kan nínú wọn ni XFS, tí ilé-iṣẹ́ Silicon Graphics ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tí ó sì wọ inú Linux lẹ́yìn náà. Irinṣẹ́ ìlà-àṣẹ ni ètò kékeré tí a ń fi ọ̀rọ̀ títẹ̀ pa láṣẹ, bíi ls, cp àti mkfs.xfs. Fún version, mo fara mọ́ ẹ̀dà tí àwọn ènìyàn ti ń lò, bí a bá lè fi àdàkọ sílẹ̀ fún ohun tí a dà kọ láti ara òmíràn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, 'ẹ̀dà àtijọ́' lè dà bí ohun tí a fi pamọ́ nítorí ọjọ́ mìíràn.

Àkójọ ìdánwò tí a lò ni fstests. Xfstests ni orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé XFS ni a tìtorí rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti ń dán ext4, Btrfs àti àwọn mìíràn wò. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní èsì òṣùwọ̀n, èyí tí a ti kọ sílẹ̀ ṣáájú. Ohun tí irinṣẹ́ bá tẹ̀ jáde ni a ń fi wé e ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí àmì kan bá yàtọ̀, ìdánwò kùnà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan onímọ̀ èdè. Ẹ wo bí àwọn irinṣẹ́ GNU coreutils ṣe ń fi àmì yí orúkọ fáìlì ká nígbà tí wọ́n bá ń ròyìn àṣìṣe:

(1a) `owó'
(1b) 'owó'

(1a) ni ti àtijọ́. Ní 2012 ni a yí i padà sí (1b). Fáìlì kan náà ni, àṣìṣe kan náà ni, síbẹ̀ ìdánwò yóò sọ pé nǹkan bàjẹ́. Bí a bá fi ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú àkọtọ́ 1974 wé ti òní lọ́nà kan náà, aiye yóò yàtọ̀ sí ayé, nwọn yóò yàtọ̀ sí wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé òǹkọ̀wé àtijọ́ kò gbọ́ Yorùbá? Irú èyí ni àwọn díẹ̀ tí ó kùnà lórí ẹ̀rọ wa.

Asẹ́ ni oògùn rẹ̀: ètò kékeré tí èsì ń gba inú rẹ̀ kọjá kí a tó fi í wé òṣùwọ̀n, tí yóò sọ (1a) àti (1b) di ọ̀kan. Mo yan asẹ́ nítorí pé ẹni tí ó ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a fẹ́ kí ó kọjá àti ohun tí a fẹ́ kí ó kù. Asẹ́ tí ihò rẹ̀ bá tóbi jù léwu. Bí a bá sẹ́ gbogbo àmì ohùn kúrò nínú Yorùbá, ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko àti ọkọ̀ tí a ń wọ̀ yóò di ọ̀kan náà. Bákan náà, asẹ́ tí ó bá ń da nọ́ńbà ìwọ̀n fáìlì nù lè da àṣìṣe gan-an tí a ń wá nù.

Ṣùgbọ́n asẹ́ kò lè fún irinṣẹ́ ní agbára tí kò ní. Mkfs.xfs tí ó ti pẹ́ kò mọ bí a ti ń ṣe reflink, èyí tí ń jẹ́ kí fáìlì méjì jọ lo ojú àyè kan lórí díìsìkì. Bí a bá pàṣẹ rẹ̀ fún un, àṣìṣe ni yóò dá padà. Nítorí náà ni ìdánwò ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè bóyá irinṣẹ́ lè ṣe é. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó fo ara rẹ̀ dá, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Agbára ni kí ó bèèrè, kì í ṣe nọ́ńbà ẹ̀dà, nítorí pé àwọn tí ń pín Linux kiri a máa mú iṣẹ́ tuntun wọ inú ẹ̀dà àtijọ́ láìyí nọ́ńbà rẹ̀ padà lọ títí.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni mo dá a lábàá pé kí a máa pè ní afòdá. Olùkọ́ wo ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́ tí WAEC fún ní F9 àti èyí tí kò wọ gbọ̀ngàn ìdánwò? Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà sì wà: bí márùn-ún nínú ogójì akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó, tí gbogbo wọn yege, ẹni tí ó bá kéde pé kò sí ẹni tí ó fìdí rẹmi kò parọ́, ṣùgbọ́n ó tan wá jẹ. Fstests fúnra rẹ̀ a máa to àwọn tí ó ṣe, àwọn tí ó kùnà àti àwọn tí ó fò dá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí olùtumọ̀ má ṣe dà wọ́n pọ̀.

Ní ti ẹ̀rọ Ògbàgì, a tún àbọ̀ náà kọ, a sì fi irinṣẹ́ tuntun rọ́pò ti àtijọ́ kí a tó tún un dán wò. Ìdánwò yìí kò sọ bóyá irin díìsìkì lágbára. Ètò-ìpamọ́ ni ó ń yẹ̀ wò. Abala òfìfo ni a lò fún un, nítorí pé ó máa ń pa ohun gbogbo tí ó bá wà lórí abala tí a yà sọ́tọ̀ fún un rẹ́. Àwọn ohùn náà ti wà nínú ẹ̀rọ báyìí, àdàkọ wọn sì wà ní ibòmíràn.